Ṣé kí n tún san owó tíkẹ́ẹ̀tì Sabres? Ọmọ mi kò tíì rí pleyọ́ọ̀fù rí

BàbáMofẹ́_716
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Sáà 2024-25 ti parí, Buffalo Sabres, ikọ̀ hókì orí yìnyín wa, kò tún dé pleyọ́ọ̀fù, ìdíje ìparí sáà. Ọdún kẹrìnlá léra rèé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Mofẹ́, àkọ́bí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ikọ̀ tó fẹ́ràn jù láyé kò tíì wọ pleyọ́ọ̀fù lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀ ó mọ orúkọ gbogbo wọn, bẹ̀rẹ̀ láti orí Rasmus Dahlin dé orí aṣọ́lé tí kì í gbá. Aṣọ aláwọ̀ búlúù àti wúrà yẹn ló ń wọ̀ sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Wọ́n ti ní kí n wá san owó tíkẹ́ẹ̀tì sáà tó ń bọ̀: àga méjì, eré mọ́kànlélógójì nílé. Ìyàwó mi kò bá mi jà, ó kàn bi mí pé, "Bàbá Mofẹ́, ta lẹ ń fún lówó yìí gan-an?" N ò rí èsì fọ̀. Bí mo bá ní kí n jáwọ́, ojú ọmọ yìí ni mò ń wò, àti ojú àwọn tí a jọ ń jókòó. Bàbá òyìnbó kan wà lẹ́yìn wa tó ti ń wo Sabres láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbá a ní Memorial Auditorium. Òun ló jókòó ti Mofẹ́ tó kọ́ ọ ní ọ́fúsáìdì: pé róbà dúdú yẹn gbọ́dọ̀ ré ìlà búlúù kọjá kí ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọlù tó kọjá. Bí eré bá bàjẹ́, bàbá yìí á na súìtì sí i láti ẹ̀yìn láìsọ nǹkan kan. Bí a bá fi àga yẹn sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò jókòó síbẹ̀.

Kí n san án, àbí kí n jẹ́ kó lọ?

LeafsNiMí_Brampton
Ẹ mú ọmọ náà wá sí Toronto, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá sọdá Peace Bridge, kò tó wákàtí méjì. Ìyà ọmọdé kò yẹ kó pọ̀ tó báyìí.

Ìṣirò_Ọ̀fẹ́
Toronto tó gba Stanley Cup, ife líìgì wa, kẹ́yìn ní 1967? Ẹni tó sá fún òjò, ẹ ní kó wá wọ inú odò.

LeafsNiMí_Brampton
A ti gbà á rí. Tiyín ńkọ́?

Alàgbà_Lackawanna
Ẹ fi ọmọ Brampton yẹn sílẹ̀. Bàbá Mofẹ́, fetí sí mi.

Mo wà ní Buffalo ní 1999. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń pe ikọ̀ yìí ní aláìríṣe, ẹ ò mọ ohun tí a rí. Dominik Hasek ló ń ṣọ́lé nígbà náà, ọkùnrin tó máa ń dùbúlẹ̀ sórí omi dídì bí ẹni tí kò ní eegun, tí yóò fi orí, fi ẹ̀yìn, fi ohunkóhun tó bá wà ní sàkání dá róbà dúró. Òun ni wọ́n fún ní Hart Trophy, ẹ̀bùn eléré tó wúlò jù fún ikọ̀ rẹ̀, ní 1997 àti 1998. Aṣọ́lé o! A dé àṣekágbá, àwa àti Dallas. Eré kẹfà, nílé wa, 1-1. Wọ́n fi àsìkò kún un, wọ́n tún fi kún un, wọ́n tún fi kún un. Aago kan òru ti kọjá kí Brett Hull tó gbá a wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ojú ilé aṣọ́lé. Òfin sáà náà sì ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wọ ibẹ̀ ṣáájú róbà, góòlù náà kò kà. Wọ́n kà á. Wọ́n ní róbà ti wà níkàáwọ́ rẹ̀ kó tó wọ ibẹ̀. Kí sáà tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pa òfin náà rẹ́!

Títí di òní, bí o bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé ọtí kankan ní South Buffalo, ṣáà sọ pé góòlù yẹn kà.

Àwọn tí a jọ rìn lọ síbi ọkọ̀ lóru ọjọ́ náà tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀, a ṣì ń pe ara wa. Òyìnbó ni méjì nínú wọn, wọ́n wá síbi ìsìnkú ìyá mi. San owó náà.

ÌyáÌbejì_Amherst
Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìtàn lẹ sọ, ẹ ò sọ ti owó.

Bàbá Mofẹ́, ẹ fi owó páàkì kún owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi oúnjẹ kún un, nítorí kò sí ọmọ tó ń wo eré tí kò ní sọ pé ebi ń pa òun. Ẹ wá wò ó: alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú oṣù Kìn-ín-ní, yìnyín ń bọ́, ọmọ gbọ́dọ̀ wà nílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mélòó nínú eré mọ́kànlélógójì yẹn lẹ máa ń lọ lóòótọ́? Ìbéèrè ìyàwó yín ló dá mi lọ́rùn jù. Terry Pegula ra ikọ̀ yìí ní 2011 ní mílíọ̀nù 189 dọ́là. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló tún ra Bills, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Buffalo, ní 2014. Owó yín kọ́ ni yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti ra Sabres títí di òpin sáà 2024-25 yìí, pleyọ́ọ̀fù kan ṣoṣo la rí, ti oṣù Kẹrin 2011, Philadelphia sì lé wa níbẹ̀. Bí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù tí mò ń ta ẹja tó ti bàjẹ́, tí ẹ ń san owó rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdọọdún, kí ni yóò mú mi yí ẹja padà?

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí ó bá wù yín. Ìfẹ́ kò sí nínú ìwé àdéhùn.

Àkànbí_Cheektowaga
Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Ìdajì yòókù rèé, èmi tí mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà, tí mo fi í sílẹ̀, tí mo tún padà rà á.

Ẹ má dá a san. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ jọ ra àga méjì náà. Ẹ jọ jókòó nígbà tí ètò eré bá jáde, kí ẹ ṣẹ́ kèké ẹni tó máa kọ́kọ́ mú, kí oníkálùkù sì máa mú eré kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé títí yóò fi tán. Ẹ̀tọ́ láti ra ti pleyọ́ọ̀fù, bó bá ṣẹlẹ̀ láyé wa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí bí ẹ ṣe máa pín in, kí ọ̀rẹ́ má baà di ọ̀tá lọ́jọ́ ayọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ máa rà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má rà á ṣáájú. Ẹ dúró di ọ̀sán ọjọ́ eré. Ní àárín ọ̀sẹ̀, tí ikọ̀ tó ń bọ̀ kò bá lókìkí, àwọn tó ń tún tíkẹ́ẹ̀tì tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á máa sọ owó rẹ̀ kalẹ̀ títí dé ìgbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àṣírí tó kù ni pé kí ẹ ta ti Leafs. Gbogbo ìgbà tí Toronto bá wá síbí. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn nílé wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ wọn lọ, ni wọ́n fi ń sọdá wá ra tiwa, wọn kì í sì yọwó. Ohun tí ẹ máa rí lórí eré Leafs kan lè san owó eré mélòó kan mìíràn.

Adúkẹ́_Aṣọ́lé
Háà! Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ̀yin lẹ ń sọ èyí?

Mo ti jókòó ní KeyBank Center, gbọ̀ngàn Sabres, lọ́jọ́ tí aṣọ Leafs pọ̀ ju tiwa lọ. Wọ́n ń kọrin wọn nínú ilé wa, àwọn eléré wa ń wo òkè bí àlejò. Ta ló jẹ́ kí wọ́n wọlé? Àwa náà! Lẹ́yìn náà a ó máa sọ pé ọkàn kò sí lára àwọn eléré.

LeafsNiMí_Brampton
Ẹ má dá a lóhùn, ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ máa tà á. Ilé yín tù wá lára.

Ìṣirò_Ọ̀fẹ́
Hamilton, oṣù Kẹta 2022, gbangba ìta, Sabres 5, Leafs 2. Ilẹ̀ Kánádà nìyẹn o. Ṣé ara tù yín níbẹ̀?

Ọmọ3SC_ÒkèÀdó
Láti Ìbàdàn ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. N kò mọ hókì orí yìnyín, ṣùgbọ́n mo mọ ìyà. Shooting Stars ni tèmi. Àwa la gba ife Áfíríkà ti àwọn olúborí ife ní 1976, a gba CAF Cup ní 1992, ibi tí Ìbàdàn kò ti sùn. A kò tíì gba líìgì láti 1998. Ní 2017 a já sí líìgì kejì, 2021 la tó padà. Mo sì ṣì ń lọ sí Adamasingba.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a já, ojú ti gbogbo ayé, láti orí ìjọba dé orí kóòṣì. Ìbéèrè mi ni pé ọdún mẹ́rìnlá yìí, ṣé Sabres kì í já ni?

Ìṣirò_Ọ̀fẹ́
Ọmọ3SC, o fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wá. Wọn kì í já. Ikọ̀ 32 ló wà nínú NHL, líìgì wa, 16 ló ń wọ pleyọ́ọ̀fù. Ìdajì! Àwa kò rí ìdajì wọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, kò sì sí líìgì kékeré tí a ó lé wa lọ. Kò sí ikọ̀ kankan nínú ìtàn NHL tó pẹ́ tó báyìí. Ọdún mẹ́wàá ni ti Edmonton àti ti Florida tí a jọ ń dupò tẹ́lẹ̀, a ré wọn kọjá ní 2022.

Kàkà kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó kẹ́yìn, ẹ̀bùn ni wọ́n ń fún un: òun ló máa ń wà nítòsí iwájú láti mú ọ̀dọ́ tó dára jù. Ní sáà 2014-15, gbogbo ìlú mọ̀ pé Connor McDavid ń bọ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ikọ̀ náà dẹ̀. Nínú oṣù Kẹta 2015, Arizona tí àwọn náà wà nísàlẹ̀ wá gbá wa nílé, wọ́n gbá góòlù ìjáwé olúborí nínú àsìkò àfikún, àwọn olólùfẹ́ Sabres kan sì ń pàtẹ́wọ́ fún Arizona. Nínú ilé ara wọn! A ṣe ipò ìkẹyìn gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹ́. Wọ́n wá fa tẹ́tẹ́, Edmonton ló mú McDavid. Jack Eichel ló kàn wá.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ Pegula yẹn ní ibi tí mo fẹ́ tọ́ sọ́nà. Ẹ má jẹ́ kí a ní kò náwó rí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó ná an bí ẹní ń fọ́n ọn sómi, lórí àwọn tí kò yẹ. Ìgbà ìkẹyìn yìí ló ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mílíọ̀nù 88 dọ́là ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí eléré ní sáà tó parí yìí, tiwa kò ná an tán.

ÌyáÌbejì_Amherst
Ìyẹn wá burú ju ohun tí mo sọ lọ.

Dúró_Rochester
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Eichel yẹn ló ba ìdílé jẹ́. Owó ló ń wá, ó sá lọ sí Las Vegas.

Bàbá Mofẹ́, ọ̀dọ̀ wa ní Rochester ni kí ẹ máa gbé ọmọ wá. Àwọn Amerks ni ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Sabres. Ohun tí ẹ fi ń ra àga kan ní Buffalo tó ra méjì níbí, á tún ṣẹ́ kù. Ẹ̀ ń jókòó sítòsí gíláàsì débi tí ẹ máa gbọ́ ohùn bàtà irin lórí omi dídì, àti èébú tí àwọn eléré ń bú ara wọn (ẹ bo etí ọmọ). Ẹni tó máa wọ Buffalo lọ́dún méjì sí i, Mofẹ́ á ti mọ̀ ọ́n kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n. A sì tún ní ọmọ wa kan tó ṣe balógun Sabres, Kyle Okposo, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé.

Alàgbà_Lackawanna
Dúró, rọra. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Minnesota ni wọ́n ti bí òun. Orúkọ Okposo kì í ṣe tiwa, ìhà Delta ni. Má gba ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n o ṣe dáadáa tí o dárúkọ rẹ̀. Ọdún 2016 ló dé síbí. Ó fara gbá ní orí débi tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù ní 2017, a rò pé ó ti parí. Ó padà. 2022 ni wọ́n fi í ṣe balógun, ó gbá eré rẹ̀ ẹgbẹ̀rún nínú aṣọ wa. Ní oṣù Kẹta 2024 wọ́n fi í ṣọwọ́ sí Florida, oṣù Kẹfà ọdún náà ló gbé Stanley Cup sókè. Inú mi dùn sí i, inú mi sì bàjẹ́. Sam Reinhart tí a fún Florida ṣáájú wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Eichel ti gbà á ní Vegas ní 2023. Ryan O'Reilly tí a tà sí St. Louis gbà á ní 2019. Ẹni tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ wa, orí rẹ̀ á là.

Adúkẹ́_Aṣọ́lé
Bọ̀dá Dúró, Eichel kò sá nítorí owó. Ọrùn ló dùn ún ní 2021. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ohun àtọwọ́dá rọ́pò èyí tó bàjẹ́ nínú eegun ọrùn rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí eléré NHL kankan kò tíì ṣe rí. Dókítà ikọ̀ kọ̀, òfin líìgì sì fún ikọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ó jókòó títí di oṣù Kọkànlá tí wọ́n fi í fún Vegas. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ara rẹ̀ yá, ó gba ife. Ọrùn ta ni? Ẹ jẹ́ kí a máa sòótọ́ fún àwọn tó fi wá sílẹ̀.

Bàbá Mofẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ibi tí ọmọ dúdú jókòó sí ní gbọ̀ngàn hókì ṣe pàtàkì. Mo dàgbà sínú rẹ̀, aṣọ́lé ni mí nínú líìgì àwọn obìnrin lálẹ́ títí di ìsinsìnyí. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, àwọn tí wọ́n jókòó sí ìlà wa ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀sọkúsọ sí mi. Àwọn àjèjì yóò wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn á mu ọtí yó, ẹnu wọn á bàjẹ́. Àwọn ará ìlà wa á kàn yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá òyìnbó tó ń fún Mofẹ́ ní súìtì yẹn, ẹ má fi ṣeré. Ẹ má pààrọ̀ àga.

Kí ẹ sì sọ ìtàn Val James fún un. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà tó gbá nínú NHL, ní 1982, aṣọ Sabres ló sì wọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun ló gbá góòlù tí Rochester fi gba Calder Cup, ife líìgì tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Buffalo kò mọ èyí.

Ohun tó kù, ṣé Mofẹ́ ń gbá a fúnra rẹ̀? Bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, apá kan owó yẹn ni kí ẹ fi sí ẹ̀kọ́ rírìn lórí yìnyín. Ẹ má ra bàtà tuntun, ẹsẹ̀ ọmọdé kì í dúró. Tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà, àfi akoto nìkan, ìyẹn kí ó jẹ́ tuntun.

Ọmọ3SC_ÒkèÀdó
Mo kà níbì kan pé alábòójútó ikọ̀ yín sọ pé àwọn eléré kì í fẹ́ wá nítorí ìlú yín kò ní ọ̀pẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìṣirò_Ọ̀fẹ́
Òótọ́ ni. Kevyn Adams, alábòójútó wa nígbà náà, oṣù Kejìlá 2024. Ó ní a kò ní igi ọ̀pẹ, ó sì ní owó orí wà ní Niu Yọ́ọ̀kì. Ìgbà tí a wà láàárín eré mẹ́tàlá tí a kò borí ọ̀kankan ló sọ ọ́.

Ọmọ3SC_ÒkèÀdó
Kó wá sí Ìbàdàn wá gbé ọ̀pẹ. A ní in dé ẹ̀yìnkùlé, kò gba líìgì fún wa.

BàbáMofẹ́_716
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo ka ti Adúkẹ́ fún ìyàwó mi sókè. Ó ní kí n ki ọ.

Mi ò ní dá a san mọ́. Ọgbọ́n Àkànbí ni màá lò, ṣùgbọ́n àga kan náà, ìlà kan náà. Ẹni mẹ́ta ni mò ń wá. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni èmi àti Mofẹ́ máa mú, nítorí ilé ìwé. Ìyókù di ti ẹ̀yin. Rochester náà á gbà wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Dúró, múra sílẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, bàtà yìnyín ni.

Ti Leafs ni mi ò tíì rí ojútùú sí. Mo bi Mofẹ́. Ó ní bí a bá ta tíkẹ́ẹ̀tì Leafs, kí n fi orúkọ ẹni tí mo tà á fún han òun.

Àkànbí_Cheektowaga
Kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ọmọ yẹn á ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n ti Leafs tó bá bọ́ sọ́wọ́ mi, títà ni o.

Adúkẹ́_Aṣọ́lé
Kọ tèmi náà. Èmi ni màá ra ti Leafs lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ní iye tí wọ́n fi rà á, kì í ṣe iye tí Toronto ń san.

Àkànbí_Cheektowaga
Adúkẹ́, o fẹ́ kí n pàdánù lójú ayé.

LeafsNiMí_Brampton
Ó ku ẹnì kan. Ẹ fi mí sí i. Màá san owó mi pé, ti Leafs nìkan ni mo fẹ́.

Adúkẹ́_Aṣọ́lé
O ò ní wọ aṣọ yẹn jókòó sí ìlà wa.

LeafsNiMí_Brampton
Màá wọ agbádá. Ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má bi mí.

Alàgbà_Lackawanna
Ẹ jẹ́ kó wá. A ó bi í léèrè 1967 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin eré.

ÌyáÌbejì_Amherst
Ẹ kọ ẹni tó máa san owó páàkì sílẹ̀ kí ẹ tó pín tíkẹ́ẹ̀tì o. Ibẹ̀ ni ìjà gidi ti máa bẹ̀rẹ̀.